‘ÒUN’ ÀTI ‘Ó’: ÀYẸ̀WÒ KÓKÓ-ÌSỌ GẸ́GẸ́ BÍ OHUN TÍ ÈNÌYÀN GBÀ GBỌ́

1. Ìfáárà

Bí ẹlẹ́rìí kan bá dúró ní ilé ẹjọ́, tí ó sọ nípa ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn olè kàn pé, “Ó ní òun mú un,” ìjẹ́wọ́ ni ó gbé síwájú adájọ́. Bí ó bá sọ pé, “Ó ní ó mú un,” ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ lé lórí. Ṣùgbọ́n bí ògbufọ̀ bá ń túmọ̀ gbólóhùn méjèèjì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, “He said that he took it” ni ó ṣeé ṣe kí méjèèjì dà lẹ́nu rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí ó jẹ́wọ́ àti ẹni tí ó ka ẹ̀sùn sí ẹlòmíràn lọ́rùn sì sọnù sínú arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ gírámà lásán kọ́ ni èyí. Ó kan ìbéèrè kan tí ó ti pẹ́ nínú fìlọ́sọ́fì: kí gan-an ni ohun tí ènìyàn ń sọ nígbà tí ó bá sọ̀rọ̀, kí sì ni ohun tí ó ń gbà gbọ́ nígbà tí ó bá gbàgbọ́?

Ìdáhùn tí ó gbilẹ̀ jù láàrin àwọn onífìlọ́sọ́fì ìtúpalẹ̀, láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá, ni pé ohun kan wà tí gbólóhùn ń gbé jáde. Ohun náà kì í ṣe gbólóhùn fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe àwòrán inú ọkàn ẹnikẹ́ni. Ènìyàn púpọ̀ lè gbà á gbọ́ papọ̀. Ó sì jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́ láìka ẹni tí ó gbà á gbọ́ sí. Proposition ni àwọn tí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé ń pè é. Kókó-ìsọ ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí yóò máa lò fún un.

Àríyànjiyàn iṣẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó lé kókó-ìsọ lórí, ohun kan ṣoṣo kò sì lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi méjì wà nínú gírámà Yorùbá tí ó fi èyí hàn kedere ju bí gírámà Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Jámánì ti fi í hàn lọ. Èkíní ni ibi tí àwẹ́-gbólóhùn oní-‘pé’ máa ń wà lẹ́yìn ‘gbàgbọ́’. Èkejì ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ‘òun’ àti ‘ó’ nínú àwẹ́-gbólóhùn náà.

2. Ẹrù mẹ́ta lórí ohun kan

Gottlob Frege, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ni ó fi ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lélẹ̀ ní 1892. Ó ṣàkíyèsí pé ìràwọ̀ òwúrọ̀ àti ìràwọ̀ ìrọ̀lẹ́, ohun kan náà ni wọ́n, èyíinì ni èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní àgùàlà. Síbẹ̀ ènìyàn lè gbà pé ìràwọ̀ òwúrọ̀ ń tàn, kí ó má sì gbà pé ìràwọ̀ ìrọ̀lẹ́ ń tàn, bí kò bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Frege fà á yọ láti inú èyí pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀rọ̀ tọ́ka sí, àti pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe bí ‘sọ’ àti ‘gbàgbọ́’, ìtumọ̀ yìí gan-an ni àwọn ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí. Ní 1918 ó fi kún un pé ohun tí odindi gbólóhùn gbé jáde, tí òun pè ní èrò, kò sí láàrin àwọn ohun tí ojú ń rí, kò sì sí nínú ọkàn ẹnì kan ṣoṣo. Ó ní ààyè kẹta tirẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè nawọ́ kàn án.

Bertrand Russell kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1903, ó kọ́ni pé àwọn ohun tí a ń sọ̀rọ̀ nípa wọn fúnra wọn ni ó wà nínú kókó-ìsọ. Ní 1904, nínú lẹ́tà tí àwọn méjèèjì ń kọ sí ara wọn, Frege sọ pé òkè Mont Blanc pẹ̀lú gbogbo yìnyín orí rẹ̀ kò lè jẹ́ apá kan èrò. Russell sì dá a lóhùn pé pẹ̀lú gbogbo yìnyín náà, apá kan ohun tí a sọ ni òkè náà í ṣe. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí irọ́ fi di ìṣòro fún Russell. Bí Othello bá gbà pé Desdemona fẹ́ràn Cassio, tí ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì sí, kí ni ó wà níbẹ̀ tí Othello ń gbà gbọ́? Láti 1910, ó fi àbá mìíràn lélẹ̀: kì í ṣe ohun kan ni ìgbàgbọ́ so ènìyàn pọ̀ mọ́, bí kò ṣe ohun púpọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni kan, ẹni kejì, àti ìfẹ́. Lámèyítọ́ tí ó dojú àbá yìí dé ni Ludwig Wittgenstein, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ní 1913 Russell pa ìwé tí ó ń kọ lórí ọ̀rọ̀ náà tì; 1984 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde lódindi, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Alonzo Church ni ó ta ọfà tí ó dún jù fún kókó-ìsọ, ní 1950. Rudolf Carnap ti gbìyànjú láti fi gbólóhùn lásán ṣàlàyé ìgbàgbọ́, kí ó má baà sí ìdí láti pe ohun mìíràn wọ inú ọ̀rọ̀. Church dáhùn pé kí wọ́n túmọ̀ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sí èdè mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ni ẹni náà gbà, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà ni yóò ṣì jókòó sínú ìtumọ̀ náà. Ará Jámánì tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní mọ ohun tí ẹni náà gbà gbọ́ rárá. Nítorí náà, ohun tí a gbà gbọ́ kì í ṣe gbólóhùn. Ohun tí ó ń rékọjá láti èdè dé èdè ni.

Láti inú ìtàn kúkurú yìí, iṣẹ́ mẹ́ta hàn. Iṣẹ́ kìíní ni ti ìtumọ̀: kókó-ìsọ ni ó ń dúró bákan náà nígbà tí ògbufọ̀ bá túmọ̀ ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kejì ni ti òótọ́: òun ni a ń gbé lé orí ìwọ̀n láti mọ̀ bóyá ohun tí ẹnì kan sọ rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kẹta ni ti ìhùwàsí: òun ni ó ń ṣàlàyé ìdí tí ènìyàn fi ṣe ohun tí ó ṣe, nítorí ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ ni í máa darí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn olùfọkànsìn kókó-ìsọ kò fi ẹ̀rí hàn pé ohun kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n kàn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní orúkọ kan náà ni.

3. Quine, Hallen àti Ṣódípọ̀

W. V. Quine ni alátakò kókó-ìsọ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1956 àti ìwé rẹ̀ ti 1960, ó kọ̀ láti gbà pé irú ohun bẹ́ẹ̀ wà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè sọ ìgbà tí kókó-ìsọ méjì jẹ́ ọ̀kan náà, àti ìgbà tí wọ́n jẹ́ méjì. Ó tẹ̀ síwájú láti sọ pé ìtumọ̀ láti èdè dé èdè kò ní òpin kan tí ó dájú: ìwé atúmọ̀ méjì tí kò bára mu lè bá gbogbo ìhùwàsí àwọn elédè mu ní ọgbọọgba.

Èrò Quine yìí ni Barry Hallen àti J. O. Ṣódípọ̀, tí àwọn méjèèjì jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, mú wọ inú èdè Yorùbá nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1986. Wọ́n bá àwọn onísègùn sọ̀rọ̀, wọ́n sì rí i pé ‘mọ̀’ kò bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń túmọ̀ rẹ̀ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ‘gbàgbọ́’. Ohun tí ojú ẹni rí ni ènìyàn lè sọ pé òun mọ̀. Ohun tí ènìyàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tàbí tí ó kà nínú ìwé, tí ó sì gbà, ni ó ń gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i: ‘gbà’ àti ‘gbọ́’ ni ó para pọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ohun tí Òyìnbó ń pè ní ìmọ̀, ìgbàgbọ́ lásán ni yóò jẹ́ bí a bá fi òṣùwọ̀n Yorùbá wọ̀n ọ́n.

Iṣẹ́ náà tóbi, ipa rẹ̀ kò sì tíì parẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni ó tẹjú mọ́. Ohun tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà, èyíinì ni àwẹ́-gbólóhùn oní-‘pé’, kò gba irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Àléébù yìí kì í ṣe kékeré, nítorí àlàyé wọn gan-an nílò ohun kan tí kò yí padà. Bí ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ lánàá bá di ohun tí ó mọ̀ lónìí, nítorí pé ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i, ohun kan náà ni ó gbọ́dọ̀ ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ kí ó tó wá mọ̀ ọ́n. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìyípadà kankan, ohun méjì ni ó kàn ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Quine tí wọ́n fẹ̀yìn tì sì ti kọ irú ohun bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú méjì: kí wọ́n gba kókó-ìsọ padà wọlé, tàbí kí wọ́n sọ ohun mìíràn tí ó wà lẹ́yìn ‘pé’. Apá tí ó kàn yóò wo ohun tí gírámà ní láti sọ sí i.

4. Ààyè àbọ̀ nínú ‘gbàgbọ́’

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí tí ó wọ́pọ̀ jù fún kókó-ìsọ ni èyí. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ibi kan náà ni orúkọ àti àwẹ́-gbólóhùn lè jókòó sí lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń túmọ̀ ‘gbàgbọ́’. Ènìyàn lè gba ìròyìn gbọ́. Ó sì lè gbàgbọ́ pé òjò yóò rọ̀. Ojú kan náà ni wọ́n wà. Nítorí náà, bí ìròyìn bá jẹ́ orúkọ ohun kan, àwẹ́-gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ohun kan pẹ̀lú. Ohun tí ó ń pè lórúkọ ni kókó-ìsọ.

Yorùbá kò jẹ́ kí ẹ̀rí yìí dúró. ‘Gbàgbọ́’ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó máa ń là sí méjì, tí àbọ̀ rẹ̀ sì máa ń bọ́ sí àárín:

(1) Adé gba ìròyìn náà gbọ́.
(2) Adé gba ìyàwó rẹ̀ gbọ́.
(3) Adé gbàgbọ́ pé òjò yóò rọ̀.

Kò sí elédè Yorùbá tí yóò sọ pé ‘Adé gba pé òjò yóò rọ̀ gbọ́’. Àwẹ́-gbólóhùn oní-‘pé’ kì í wọ àárín, níbi tí àbọ̀ ń jókòó. Ẹnì kan lè sọ pé gígùn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó wọ ibẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àpólà-orúkọ tí ó gùn gan-an ń wọ ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́: ‘Adé gba ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbà sọ fún wọn ní àárọ̀ àná gbọ́.’ Àwẹ́-gbólóhùn tí ó kúrú jù lọ kò sì lè wọ ibẹ̀: ‘Adé gba pé ó dé gbọ́’ kì í ṣe Yorùbá. Irú ohun tí ó jẹ́ ni ó lé e jáde. Gígùn rẹ̀ kọ́.

Ó yẹ kí a kíyè sí àpẹẹrẹ (2) pẹ̀lú. Ìyàwó kì í ṣe kókó-ìsọ, kò sì jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́ ní ọ̀nà tí gbólóhùn gbà jẹ́ ẹ. Síbẹ̀ a lè gba ènìyàn gbọ́. Ohun tí ó lè wọ àárín ‘gbà’ àti ‘gbọ́’ ni ohun tí ọ̀rọ̀ lè ti wá, tàbí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ẹni, ìròyìn, àlá, ìwé. Ohun tí ó tẹ̀lé ‘pé’ kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí. Kì í ṣe ohun tí Adé di mú. Bí ohun tí Adé gbà ti rí ni ó ń sọ. Èyí kò tíì fi hàn pé kókó-ìsọ kò sí. Ohun tí ó fi hàn ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mú un wọlé kò lè gba ẹnu ọ̀nà gírámà wọlé mọ́. Ó gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí mìíràn.

5. ‘Òun’ àti ‘ó’

Ẹ̀rí kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú àwẹ́-gbólóhùn tí ó tẹ̀lé ‘ní’, ‘sọ’, ‘rò’, ‘gbà’ àti ‘gbàgbọ́’, Yorùbá máa ń lo ‘òun’ fún ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ tàbí èrò náà. ‘Ó’ àti ‘rẹ̀’ ni ó sábà máa ń lò fún ẹlòmíràn. Yorùbá nìkan kọ́ ni ó ní irú ìlànà yìí. Claude Hagège, ará Faransé, ti fún irú arọ́pò-orúkọ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ní 1974 nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn èdè Áfíríkà, G. N. Clements sì ṣàlàyé ti èdè Ewe ní 1975. Àwọn onígírámà ni ó ń jẹ oko yìí láti ìgbà náà. Ó yẹ kí àwọn onífìlọ́sọ́fì náà wọ inú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Adé wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Dígí ńlá kan wà lára ògiri, ṣùgbọ́n Adé kò mọ̀ pé dígí ni. Ó ṣe bí ojú ọ̀nà tí ó lọ sí yàrá kejì ni. Ó rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tí etí agbádá rẹ̀ ń wọ́ nínú omi. Àánú ọkùnrin náà ṣe é, ó sì ké sí i pé, “Ẹ gbé agbádá yín sókè o!” Òun fúnra rẹ̀ kò gbé tirẹ̀ sókè. Nígbà tí ó ṣe, ó rí i pé bí òun ti ń mirí ni ọkùnrin náà ń mirí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì káwọ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká kíákíá. Bí ẹni tí ó wà níbẹ̀ bá ń ròyìn, yóò sọ (4) nípa ìgbà àkọ́kọ́, yóò sì sọ (5) nípa ìgbà kejì:

(4) Adé rò pé agbádá rẹ̀ ń wọ́ nínú omi.
(5) Adé rò pé agbádá òun ń wọ́ nínú omi.

Bí Russell ti 1903 bá tọ̀nà, kókó-ìsọ kan náà ni ó wà lẹ́yìn ‘pé’ nínú méjèèjì. Ọkùnrin inú dígí ni Adé. Agbádá kan ṣoṣo ni. Omi kan náà ni. Bí (4) bá jẹ́ òótọ́ ní ti agbádá, (5) náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kejì, ti òótọ́, ti di ṣíṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kẹta kò di ṣíṣe, nítorí (4) ni ó mú kí Adé ké sí àlejò, (5) sì ni ó mú kí ó gbé aṣọ tirẹ̀. Ohun kan náà kò lè ṣàlàyé ìwà méjì tí ó yàtọ̀ báyìí.

Frege kò sá fún ìṣòro yìí. Nínú àpilẹ̀kọ 1918, ó lo àpẹẹrẹ Dókítà Lauben, tí ó sọ pé wọ́n ti ṣe òun léṣe, ó sì gbà pé olúkúlùkù ni ó ní ọ̀nà kan tí ó fi ń mọ ara rẹ̀, tí ẹlòmíràn kò lè gbà mọ̀ ọ́n. Èrò tí Lauben ń rò nípa ara rẹ̀ báyìí, Lauben nìkan ni ó lè rò ó. Bí ó bá fẹ́ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ fi èrò mìíràn rọ́pò rẹ̀. Àléébù èyí hàn gbangba nínú (5). Ẹni tí ó ń ròyìn kì í ṣe Adé. Ẹni tí ó ń gbọ́ ìròyìn kì í ṣe Adé. Síbẹ̀ ‘òun’ yé àwọn méjèèjì yékéyéké. Ọmọ ọdún márùn-ún pàápàá ń lò ó láìṣì í. Bí ohun tí ‘òun’ gbé jáde bá jẹ́ àṣírí tí ó wà nínú ọkàn Adé nìkan, báwo ni ó ṣe di ọ̀rọ̀ ojà? Frege ti sọ pé èrò kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ní orí ọ̀rọ̀ ‘èmi’, ó sọ ọ́ di ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó fi ọwọ́ òsì wó ohun tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́.

Nínú àwọn tí ń kọ̀wé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Hector-Neri Castañeda ni ó kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní, ní 1966. Níwọ̀n bí arọ́pò-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kò ti fi ìyàtọ̀ hàn, àmì ìràwọ̀ kékeré ni ó lẹ̀ mọ́ ọn lára kí ìyàtọ̀ náà lè hàn nínú ìwé. Àmì tí ó ní láti fi gègé lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹnu ni Yorùbá fi ń pè é.

John Perry tẹ̀lé e ní 1979 pẹ̀lú ìtàn ẹni tí ó ń tọpa ṣúgà tí ó ń dà sílẹ̀ nínú ilé ìtajà ńlá, tí ó ń wá ẹni tí àpò rẹ̀ ya, títí ó fi rí i pé òun ni. Perry pín ọ̀rọ̀ sí méjì: ohun tí a gbà gbọ́, àti ipò tí ènìyàn wà nígbà tí ó gbà á gbọ́. Kókó-ìsọ ni ti àkọ́kọ́, ìhùwàsí sì ń ti inú èkejì wá. Ìpín yìí dára; òun ni iṣẹ́ yìí náà gbà. Ṣùgbọ́n Perry fi kókó-ìsọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó wà lẹ́yìn ‘pé’, ó sì tì ipò náà sẹ́yìn, bí ẹni pé ìròyìn ìgbàgbọ́ kò kàn án. (5) kò gba èyí. Inú ìròyìn gan-an, lẹ́yìn ‘pé’ gan-an, ni ‘òun’ wà. Àwẹ́-gbólóhùn kan náà ni ó sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, òun náà ni ó sì sọ bí Adé ti di ọ̀rọ̀ náà mú.

Ní ọdún 1979 kan náà, David Lewis gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní ohun tí a gbà gbọ́ kì í ṣe kókó-ìsọ. Ìwà tàbí ipò kan ni, tí ènìyàn ń kà sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Ó dà bí ẹni pé Yorùbá gbè é lẹ́yìn. Bí Adé àti Òjó bá ń jà sí ilẹ̀, ìròyìn kan ṣoṣo tó fún àwọn méjèèjì:

(6) Olúkúlùkù wọn ní bàbá òun ni ó kọ́kọ́ ṣán ilẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú (6) fún Adé àti fún Òjó, gẹ́gẹ́ bí Lewis ti wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí èyí ń gbéni lọ. Bí ohun kan náà bá ni àwọn méjèèjì gbà gbọ́, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn ti ṣọ̀kan, kò sì sí ìjà. Kò sí àgbà ìlú kan tí yóò parí ẹjọ́ ilẹ̀ lọ́nà yìí. Àgbà tí ó ń dá ẹjọ́ mọ̀ pé bí ti Adé bá jẹ́ òótọ́, ti Òjó ti di irọ́. Lewis ṣe iṣẹ́ kẹta dáadáa, ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ kejì bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Russell ṣe èkejì, ẹ̀kẹta sì já. Ìdí kan náà ni ó fa àṣìṣe méjèèjì: olúkúlùkù wọn ń wá ohun kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ ‘ohun tí a gbà gbọ́’.

6. Àwọn àtakò

Àtakò mẹ́ta ni ó yẹ kí ó gba ìdáhùn.

Èkíní, ‘òun’ kì í ṣe ti ìròyìn èrò nìkan. Nínú gbólóhùn bí ‘Òun ni ó fọ́ ìkòkò’, ó lè tọ́ka sí ẹnikẹ́ni, nítorí ìtẹnumọ́ ni ó wà fún. Òótọ́ ni. Nítorí èyí ni àwọn àpẹẹrẹ tí àríyànjiyàn yìí dúró lé fi lo ‘òun’ ní ipò olùwà lásán àti ní ipò ẹni tí ó ni nǹkan, bí ‘òun mú un’, ‘agbádá òun’ àti ‘bàbá òun’, níbi tí ìtẹnumọ́ kò ti sí lórí ‘òun’ fúnra rẹ̀.

Èkejì le ju èyí lọ. Hazel Pearson fi hàn ní 2015 pé nínú èdè Ewe, àwọn elédè lè gba arọ́pò-orúkọ tí ó jọ ‘òun’ wọlé, kódà nígbà tí ẹni tí ó ni èrò kò mọ̀ pé ara òun ni òun ń rò nípa rẹ̀. Bí Yorùbá bá fàyè gba èyí pẹ̀lú, ẹnì kan lè sọ (5) nípa ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí Adé ṣì ń wo dígí bí ojú ọ̀nà. Ṣé àríyànjiyàn náà kò ti wó? Kò wó. Ẹni tí ó bá sọ (5) ní ìgbà yẹn yóò rí i pé ọ̀rọ̀ òun lè ṣi ẹni tí ó ń gbọ́ lọ́nà, yóò sì tètè fi kún un pé, ‘ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun ni.’ ‘Òun’ tí ó wà nínú àfikún yìí kò ṣeé túmọ̀ lọ́nà tí ó rọ̀, nítorí Adé kúkú mọ̀ pé ọkùnrin inú dígí ni ọkùnrin inú dígí. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí yóò mú un gbé agbádá. Ibi yòówù kí ìyàtọ̀ náà sá sí, ‘òun’ ni èdè yóò tún fi mú un. Àríyànjiyàn yìí kò nílò kí ìlẹ̀kùn náà wà ní títì nígbà gbogbo. Ó tó bí ìyàtọ̀ náà bá wà, tí gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́ ọ ní àgbọ́yé.

Ẹ̀kẹta ni pé gírámà èdè kan kò lè sọ bí ayé ti rí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní mọ ìyàtọ̀ láàrin ìjẹ́wọ́ àti ẹ̀sùn. Ọ̀rọ̀ yìí tọ̀nà, iṣẹ́ yìí kò sì sọ pé Yorùbá rí ohun tí Òyìnbó kò rí. Castañeda àti Perry rí i láìsí ‘òun’. Ohun tí iṣẹ́ yìí sọ ni pé gírámà Gẹ̀ẹ́sì ti ń jẹ́rìí fún kókó-ìsọ fún ìgbà pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi ẹlẹ́rìí náà léèrè pé ta ni ó rán an wá. Bí ẹ̀rí láti inú èdè bá ṣeé gbà, kí a gbọ́ ti Yorùbá pẹ̀lú. Bí kò bá ṣeé gbà, kí ti Gẹ̀ẹ́sì náà jáde kúrò ní ilé ẹjọ́.

Àdánwò ìtumọ̀ tí Church gbé kalẹ̀ ní 1950 ni ó fi èyí hàn jù. Church lérò pé ìtumọ̀ láti èdè dé èdè yóò fi ohun kan tí ó dúró láìyẹsẹ̀ hàn. Kí a mú “He said that he took it,” kí a sì fún ògbufọ̀ ní Yorùbá láti túmọ̀. Kò lè ṣe é àyàfi bí ó bá kọ́kọ́ béèrè pé, ‘Èwo nínú méjèèjì?’ Olùgbèjà kókó-ìsọ yóò sọ pé èyí kò bà á lẹ́rù: gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìtumọ̀ méjì, kókó-ìsọ méjì ni ó sì gbé jáde. Ìdáhùn náà dára níbi tí ẹni méjì bá wà. Níwájú dígí télọ̀, ẹni kan ṣoṣo ni ó wà, ìbéèrè ògbufọ̀ sì dúró síbẹ̀ bí ó ti wà.

7. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí kò sọ pé kí a sun kókó-ìsọ níná. Iṣẹ́ kejì, ti òótọ́, lè nílò rẹ̀. Ẹni tí ó ń dá ẹjọ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí ó ń wọ̀n, tí ti Adé àti ti Òjó fi lè tako ara wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àlàyé Hallen àti Ṣódípọ̀ nípa bí ìgbàgbọ́ ti ń di ìmọ̀ lè lò ó, bí àwọn tí ó jogún iṣẹ́ wọn bá gbà láti yà díẹ̀ kúrò lẹ́yìn Quine. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ parí ni àṣà fífi orúkọ kan ṣoṣo pe ohun tí a fi ń wọn òótọ́ àti ohun tí ń gbé ẹsẹ̀ ènìyàn, kí a sì wá máa yà á sí ìyanu pé ohun tí a fún lórúkọ náà ń ya sí méjì.

Àwẹ́-gbólóhùn oní-‘pé’ kì í ṣe orúkọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ onígbàgbọ́. Ìròyìn ni, ó sì ń sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: bí nǹkan yóò ti rí bí onígbàgbọ́ bá tọ̀nà, àti ibi tí onígbàgbọ́ dúró sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Èdè tí ó ní ‘he’ nìkan lè gbàgbé èkejì. Ẹni tí ó mọ̀ pé bí òun bá fi ‘ó’ sí ibi tí ‘òun’ yẹ kí ó wà, òun lè sọ ẹni tí ó jẹ́wọ́ di ẹni tí ó ń fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn, kò ní àyè láti gbàgbé rẹ̀.